Àwọn Sinimá Àdáṣe Tí Kò Kúrò Lọ́kàn Wa

Ní ọdún 1979, nígbà tí Hubert Ògúndé gbé sinimá Aiyé jáde, akẹ́kọ̀ọ́ ni wá ní ilé ẹ̀kọ́ yìí. Inú ilé ibùsùn ni a ti kọ́kọ́ wò ó, etí ni a sì fi wò ó. Ọ̀rẹ́ wa kan tí àìsàn gbé lọ sílé ni ó rí i ní gbọ̀ngàn ìlú wọn. Nígbà tí ó padà dé, lẹ́yìn tí wọ́n ti pa iná, ó sọ ọ́ fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ń fi ohùn ṣe àwọn àjẹ́, ó ń fi ohùn ṣe Ọ̀ṣẹ́tùúrá tí ó dojú kọ wọ́n. Kò sí ẹni tí ó dá jáde lọ tọ̀ lóru ọjọ́ náà. Nígbà tí a wá fi ojú ara wa rí sinimá náà ní àkókò ìsinmi, a rí i pé kò bani lẹ́rù tó ti ọ̀rẹ́ wa. Síbẹ̀, títí di òní, kò kúrò lọ́kàn wa.

Ọ̀nà tí a gbà ṣe irú sinimá bẹ́ẹ̀, àti ọ̀nà tí ó gbà dé ọ̀dọ̀ wa, ní ọwọ́ nínú èyí. Sinimá àdáṣe ni: ẹni tí ó ni ín ni ó fi owó àti ẹgbẹ́ òṣèré ara rẹ̀ ṣe é, láìsí ilé iṣẹ́ ńlá kan lẹ́yìn rẹ̀. Àjàní Ògún, tí Ọlá Balógun darí ní 1976, tí Adé Afọláyàn sì jẹ́ olórí òṣèré inú rẹ̀, ni ó ṣí ọ̀nà fún sinimá ní èdè Yorùbá. Bí Ògúndé ti tẹ̀ lé e, àwọn òṣèré tí ó ti bá a rìn láti ọdún pípẹ́ ni ó lò, àwọn ìyàwó rẹ̀ sì wà lára wọn (ọ̀rọ̀ ìyẹn kò sí lọ́wọ́ àlùfáà lónìí). Òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ fọ́nrán. Bí ó bá dé, ẹni tí ó ni ín, tàbí ẹni tí ó fọkàn tán, ni yóò gbé e láti ìlú dé ìlú, nítorí pé bí ó bá fi í lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, owó ẹnu ọ̀nà lè má délé, ẹ̀dà sinimá náà sì lè bọ́ sọ́wọ́ olè. Aṣọ funfun, jẹnẹrétọ̀ àti bẹ́ǹṣì ilé ẹ̀kọ́ ti tó. Ẹni tí kò bá sí nílé lálẹ́ ọjọ́ náà, àfi kí ó wá ẹni tí yóò sọ ọ́ fún un. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó wò ó fi ń fi gbogbo ara wò ó.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ kò mọ̀ ni pé ṣọ́ọ̀ṣì ni Ògúndé ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti ṣe olùkọ́, ó ti ṣe ọlọ́pàá, ó sì ti tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní 1944, ìjọ Aládùúrà kan ní Èkó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣe eré olórin fún àwọn, ó sì ṣe é lórí ọgbà Édẹ́nì àti ìtẹ́ Ọlọ́run. Dúró Ládípọ̀ pẹ̀lú, ọmọ ìránṣẹ́ Ọlọ́run ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ó kọ orin Àjíǹde fún ṣọ́ọ̀ṣì ní Òṣogbo, ó fi ìlù ilẹ̀ wa sí i, àwọn kan nínú ìjọ sì bínú sí ìlù náà. Ó kó eré rẹ̀ jáde. Ìlù tí kò rí àyè ní Òṣogbo dé Berlin ní 1964, pẹ̀lú Ọba Kò So.

Nígbà tí náírà já wálẹ̀ láti 1986, apá kò ká owó fọ́nrán mọ́. Fídíò gba ipò rẹ̀, ìyẹn ni ó sì jẹ́ kí ẹgbẹ́ Mount Zion, tí Mike Bámilóyè dá sílẹ̀ ní 1985, lè ṣe Agbára Ńlá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. A rántí tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo lórí tábìlì nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tí èrò sì kún dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ Aiyé. Nínú méjèèjì, ibi ti di ìlú mú, a sì ń wá ẹni tí yóò gbà á. Nínú Aiyé, ẹni tí ó mọ Ifá àti egbòogi ni olùgbàlà, Ògúndé fúnra rẹ̀ ni ó sì ṣe é. Nínú Agbára Ńlá, Ìṣàwùrù oníṣègùn ni aninilára, Bámilóyè fúnra rẹ̀ ni ó sì ṣe é. Ìdáhùn wọn ta ko ara wọn pátápátá, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìgbà náà tí ó ti di òbí lónìí ni kò rántí orúkọ míṣọ́nnárì inú rẹ̀ mọ́. Àwa kò tíì rí ẹni tí ó gbàgbé Ìṣàwùrù.

Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, a máa ń fi Agbára Ńlá han ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, a sì máa ń kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má wo ti Ògúndé. Ọmọbìnrin kan dìde lọ́jọ́ kan, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Àlùfáà, ṣé ẹ̀yin wò ó?” A ní a wò ó. Ó ní, “Ṣé ó ba ìgbàgbọ́ yín jẹ́ ni?” A kò rí èsì fọ̀ lọ́jọ́ náà. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé kò bà á jẹ́. Ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà, wọ́n kọ́ wa ní ohun púpọ̀ nípa ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n láti inú Aiyé ni a ti mọ irú ẹ̀rù tí àwọn tí a fẹ́ wàásù fún ń bá sùn. Nígbà tí Túndé Kèlání gbé Ṣaworoidẹ jáde ní 1999, tí ìlù sì dá ẹjọ́ fún ẹni tí ó jí adé wọ̀, a kò dá ọ̀dọ́ kankan lẹ́kun mọ́. A jókòó tì wọ́n, a sì jọ jiyàn lé e lórí.

Àwọn òbí máa ń bi wá nípa ohun tí ọmọ ń wò lórí fóònù. A kò mọ gbogbo rẹ̀, ó ti pọ̀ jù. Ohun tí àwa ń ṣe nílé ni pé a máa ń ní kí ọmọ sọ ohun tí ó wò fún wa. Láìpẹ́ yìí iná lọ, a ní kí ọmọ-ọmọ wa kan sọ èyí tí ó wò lọ́jọ́ náà. Mẹ́ta ni ó wò, ó sì dà wọ́n pọ̀ mọ́ ara wọn. Àwa náà wá sọ Aiyé fún un, kì í ṣe bí Ògúndé ti ṣe é, bí kò ṣe bí ọ̀rẹ́ wa ti sọ ọ́ nínú òkùnkùn. Nígbà tí a parí, ó ní kí a jọ̀ọ́ sin òun dé ẹnu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀.