Fọ́ọ̀mù káàdì ìdìbò tẹ́ ẹ kún lórí fóònù: ṣé ó ti parí lóòótọ́?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbìyànjú láti forúkọ sílẹ̀ fún káàdì ìdìbò lórí ayélujára, ẹ mọ̀ pé fọ́ọ̀mù náà kì í ṣe ojú ewé kan ṣoṣo. Ẹ ó kọ́kọ́ fi ímeèlì sílẹ̀, ẹ ó kọ orúkọ àti ọjọ́ ìbí, ẹ ó mú ibi tẹ́ ẹ ti fẹ́ máa dìbò, kẹ́ ẹ tó wá mú ọjọ́ tẹ́ ẹ máa yọjú sí ọ́fíìsì. Kí ló dé tí wọn ò kó gbogbo ẹ̀ sójú kan?

Ojú fóònù kéré, fọ́ọ̀mù gígùn sì máa ń sú èèyàn. Bẹ́ ẹ bá ṣi ọjọ́ ìbí kọ, ojú ewé yẹn ló máa dá yín dúró lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ ní agbègbè tiwa yìí, ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ṣe pàtàkì jù. Ẹni tó mọṣẹ́ á jẹ́ kí ìkànnì fi ohun tẹ́ ẹ kọ pamọ́ ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá bọ́ sí ojú ewé tó kàn. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, ibi tẹ́ ẹ bá a dé náà lẹ ó ti tẹ̀ síwájú. Ẹni tí ò mọṣẹ́ á dúró di ojú ewé ìkẹyìn kó tó fi ohunkóhun pamọ́. Kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣẹ́jú báyìí, ó di kẹ́ ẹ padà sí A, B, D.

Ojú ewé ìkẹyìn yẹn gan-an ni wàhálà wà. Ní June 28, 2021, àjọ INEC ṣí ìkànnì rẹ̀ fún ìforúkọsílẹ̀. Èèyàn 10,487,972 ló ṣe ti orí ayélujára, ṣùgbọ́n 3,444,378 péré nínú wọn ló lọ parí ẹ̀ ní ọ́fíìsì. Ó lé ní mílíọ̀nù méje tó dúró sójú ọ̀nà! Kì í ṣe ìdí kan náà ló dá gbogbo wọn dúró o. Ìlà gígùn wà, owó ọkọ̀ náà wà ńbẹ̀. Síbẹ̀, lójú tèmi, bí fọ́ọ̀mù bá sọ féèyàn pé ó ti ṣàṣeyọrí, ta ló máa rántí pé ó ku ìgbésẹ̀ kan?

Ìgbésẹ̀ tó kù yẹn ò ṣeé ṣe lórí fóònù: ẹ̀rọ ní ọ́fíìsì ló máa gba àmì ìka yín, tó sì máa ya fọ́tò yín. Àmì ìka yìí ni INEC fi ń mọ ẹni tó forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ètò kan náà ni wọ́n tún tẹ̀ lé ní 2025: ti ayélujára bẹ̀rẹ̀ ní August 18, ti ọ́fíìsì sì tẹ̀ lé e ní August 25.

Ìwéré-Ilé ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìwàjọwà. Ẹni tó máa gun ọ̀kadà wá láti Ìjió tàbí Ìgànná, ojú ewé àkọ́kọ́ ló yẹ kó ti kà á pé òun ṣì máa yọjú, kì í ṣe ìkẹyìn. Ẹ tẹ ìwé tó ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ yín jáde, ẹ sì mú un dání lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń lọ.