Fìlà Rírán ní Ìdálẹ̀: Orí ni a Kọ́kọ́ ń Wọ̀n kí a tó Mú Àlùmágàjí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó ní orí kò ní fìlà, ẹni tí ó ní fìlà kò sì ní orí. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Òkè Ọya níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá fi ṣe ibùjókòó, òwe yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun tí ojú ń rí. Bí ìgbéyàwó tàbí ìsọmọlórúkọ bá kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ẹbí á ra aṣọ, télọ̀ àdúgbò á rán agbádá àti ṣòkòtò, ṣùgbọ́n bí ó bá kan fìlà, ilé ni wọ́n á ránṣẹ́ sí. Fìlà náà yóò wá rin ìrìn àjò láti Ìṣẹ́yìn, Ìbàdàn tàbí Ìlọrin lọ sí Kano, Jos tàbí Maiduguri. Nígbà mìíràn, àlejò ti tú ká kí ó tó dé. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, a dé ní àkókò, ṣùgbọ́n kò wọ orí ọkọ ìyàwó, nítorí pé ẹni tí ó rán an kò fi ojú kan orí tí ó ń rán an fún.

Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ohun kan nínú fìlà tí ẹni tí ó mọ abẹ́rẹ́ dì mú kò lè kọ́. Iṣẹ́ náà kò béèrè ilé ńlá tàbí ẹ̀rọ olówó iyebíye. Téépù, àlùmágàjí tí ó mú, abẹ́rẹ́, òwú, ṣọ́ọ̀kì àti áyọ́ọ̀nù ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ̀rọ ìránṣọ bá wà, iṣẹ́ á yá. Bí kò bá sí, ọwọ́ lásán lè rán fìlà tí yóò tọ́jọ́. Ohun tí iṣẹ́ náà ń béèrè gan-an ni ìwọ̀n tí ó péye àti sùúrù. Ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ akọ́ṣẹ́ ti ń kọsẹ̀, nítorí pé aṣọ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ dípò orí.

IRÚ FÌLÀ TÍ Ó YẸ ÌBẸ̀RẸ̀

Oríṣìíríṣìí ni fìlà Yorùbá. Gọ̀bì rí gbọọrọ bí agolo. Gíga rẹ̀ a máa tó íǹṣì 8 sí 10, a sì lè tẹ̀ ẹ́ sí iwájú, sí ẹ̀yìn tàbí sí ẹ̀gbẹ́, bí ó bá ti wu ẹni tí ó dé e. Abetí-ajá ní apá méjì tí ó dà bí etí ajá, èyí tí ó sọ ọ́ ní orúkọ. Nígbà ooru, a ń ká apá méjèèjì sókè. Nígbà òtútù, a lè fà wọ́n wálẹ̀ bo etí. Ará Jos tí ọyẹ́ ti bá wí ní òwúrọ̀ kùtùkùtù yóò mọ̀ pé ọgbọ́n gidi ni àwọn baba ńlá Yorùbá dá sí i. Labankádà jẹ́ abetí-ajá tí ó tóbi jù, tí a fi aṣọ aláwọ̀ mìíràn tẹ́ inú etí rẹ̀ kí àwọ̀ náà lè hàn síta.

Gọ̀bì ni ó yẹ kí akọ́ṣẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tí àwọn télọ̀ ń gbà gé e ju ẹyọ kan lọ, ṣùgbọ́n èyí tí ó rọrùn jùlọ fún ọwọ́ tí kò tí ì mọ́ ni ọ̀nà alápá méjì: ara fìlà tí ó yí orí ká, àti òkè fìlà tí ó bo àtàrí. Ẹni tí ó bá lè pa apá méjèèjì pọ̀ láìsí ìhunjọ ti kọjá ibi tí ó le jù nínú iṣẹ́ náà.

AṢỌ ÒKÈ KÌ Í ṢE AṢỌ ÌKỌ́ṢẸ́

Gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ rán fìlà ni aṣọ òkè máa ń wọ̀ lójú. Kò sì burú, nítorí pé aṣọ iyì ni sányán, àlàárì àti ẹtù jẹ́ láti ayé àtijọ́. Sányán ní àwọ̀ ìyeyè tí ó jọ ti yanrìn, láti ara òwú kòkòrò inú igbó, ẹtù dúdú nípa aró, àlàárì pọ́n. Kódà, àlàárì ní ìtàn kan tí ó kan ará Kano gbọ̀ngbọ̀n. Òwú sílíkì pupa tí a fi ń hun ún ní ayé ọjọ́un a máa gba inú aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, láti ìhà Tripoli dé ọjà Kano, kí ó tó sọ̀kalẹ̀ wá sí ọwọ́ àwọn ahunṣọ ilẹ̀ Yorùbá.

Ṣùgbọ́n aṣọ tí ó ní iyì tó báyìí kì í ṣe aṣọ tí a fi ń kọ́ṣẹ́. Tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni a ń hun ún, a ó sì kan etí mọ́ etí kí ó tó fẹ̀. Bí àlùmágàjí bá ti kàn án, fọ́nrán rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Bí akọ́ṣẹ́ bá gé e kéré ní ìdajì íǹṣì péré, kò sí oògùn rẹ̀ mọ́. Owó ti wọmi. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí fìlà márùn-ún tàbí mẹ́fà àkọ́kọ́ jẹ́ ti aṣọ tí kò dunni: àjákù ańkárá, kákí tàbí aṣọ funfun lásán. Orí àwọn ará ilé ni kí a fi dán wọn wò, kí àṣìṣe lè parí sí ilé.

BÍ A TI Ń WỌN ORÍ

A ó gbé téépù gba àárín iwájú orí, yóò kọjá lókè etí méjèèjì díẹ̀, yóò sì gba ibi tí ìpàkọ́ ti yọ jùlọ. Kò gbọdọ̀ fún, kò sì gbọdọ̀ dẹ̀. Orí àgbàlagbà ọkùnrin a sábà máa wà láàárín íǹṣì 21½ sí 24, nítorí náà ẹni tí ó bá ń fi ojú lásán wọn orí ń tan ara rẹ̀ jẹ ni.

Bí a bá mú orí tí ó jẹ́ íǹṣì 22 ṣe àpẹẹrẹ, a ó fi ìdajì íǹṣì kún un kí fìlà má baà fún orí pa. Ó di 22½. Ìwọ̀n fìlà nìyí nígbà tí a bá rán an tán. Ara fìlà ni a ó gé ní íǹṣì 23½ ní gígùn àti 10 ní gíga, nítorí pé a ó fi ìdajì íǹṣì sílẹ̀ ní etí kọ̀ọ̀kan fún ojú ìrán. Gíga rẹ̀ yóò wá jẹ́ 9 nígbẹ̀yìn.

Ní ti òkè fìlà, orí ènìyàn kò rí róbótó bí ọsàn. Láti iwájú dé ìpàkọ́ gùn ju láti etí dé etí lọ. Nítorí náà, òkè fìlà yóò gùn ní íǹṣì 8, yóò sì fẹ̀ ní 6¼. Bí a bá fi ojú ìrán kún un, ó di 9 àti 7¼.

Bébà ni a ó kọ́kọ́ fi gé gbogbo èyí. Ìwé ìròyìn tí a ti kà tán dára fún un. A ó ká bébà ti òkè fìlà sí mẹ́rin kí a tó gé e, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè bá ara wọn dọ́gba. Lẹ́yìn èyí, a ó fa ìlà ibi tí abẹ́rẹ́ yóò gbà, a ó fi okùn tẹ̀lé ìlà náà yí po, a ó sì wọn okùn ọ̀hún. Bí kò bá jẹ́ íǹṣì 22½, bébà ni a ó tún gé, kì í ṣe aṣọ. Ọ̀pọ̀ akọ́ṣẹ́ ni kì í ní sùúrù fún èyí, bẹ́ẹ̀ ni ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ó ń gbà ni ó ń gba aṣọ olówó ńlá là.

RÍRÁN RẸ̀

A ó pa etí kúkúrú méjèèjì ara fìlà pọ̀, a ó rán an, yóò sì di gbọọrọ. Ojú ìrán yìí ni ẹ̀yìn fìlà. A ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi mẹ́rin tí ó jìnnà sí ara wọn bákan náà lára rẹ̀: iwájú, ẹ̀yìn, ọ̀tún àti òsì. A ó ṣe bákan náà sí òkè fìlà. A ó wá pa iwájú mọ́ iwájú àti ẹ̀yìn mọ́ ẹ̀yìn, a ó fi pínnì tàbí òwú gbà wọ́n mú. Àmì mẹ́rin yìí ni kì í jẹ́ kí fìlà wọ́ sí apá kan.

Kí a tó rán an, a ó fi ẹnu àlùmágàjí la etí òkè ara fìlà wẹ́wẹ́, láìjẹ́ kí ó dé ojú ìrán, kí aṣọ lè tẹ̀ yí po. Ẹni tí ó bá ń fi ọwọ́ rán an yóò máa dá abẹ́rẹ́ padà sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ìrán bẹ́ẹ̀ kì í tètè já.

Aṣọ inú ni ó kàn. Òwú tí ó rọ̀ ni ó dára fún un, nítorí òógùn. A gbọ́dọ̀ rẹ ẹ́ sínú omi kí ó sì gbẹ kí a tó gé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò súnkì lẹ́yìn fífọ̀ àkọ́kọ́, yóò sì fa fìlà hunjọ. Bí a ti rán ti òde ni a ó rán ti inú, ṣùgbọ́n yóò fi díẹ̀ kéré. Ní ti aṣọ líle tí àwọn télọ̀ ń pè ní sítéè, ìsàlẹ̀ fìlà nìkan ni a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́, ní nǹkan bí íǹṣì 2 yípo. Ẹni tí ó bá lẹ̀ ẹ́ dé òkè ti ba gọ̀bì jẹ́, nítorí pé gọ̀bì tí kò ṣeé tẹ̀ kò yàtọ̀ sí agolo lórí ènìyàn.

Níkẹyìn, a ó kọjú òde àti inú sí ara wọn, a ó rán ìsàlẹ̀ wọn pọ̀, a ó sì fi ààyè bí íǹṣì 3 sílẹ̀. Ààyè yìí ni a ó gbà yí fìlà síta, kí a tó fi ọwọ́ dí i. A lè gbé e ka igbá tí ó bá ìwọ̀n rẹ̀ mu kí a tó fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́.

NÍGBÀ TÍ ỌWỌ́ BÁ TI MỌ́

Ẹni tí fìlà kákí rẹ̀ ti ń wọ orí rẹ́gí lè wá dé ìdí aṣọ òkè. Bí ìbú aṣọ náà bá jẹ́ íǹṣì 4, ẹyọ mẹ́ta tí ó gùn ní íǹṣì 24 ni a ó kàn pọ̀ fún ara fìlà, àti ẹyọ méjì tí ó gùn ní 9½ fún òkè rẹ̀. Ọ̀pá mẹ́ta yóò tó, yóò sì ṣẹ́kù díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbú aṣọ máa ń yàtọ̀ láti ọwọ́ ahunṣọ kan sí èkejì, nítorí náà kí a wọ̀n ọ́n kí a tó rà á. A ó rán etí tí a bá gé lójú ẹsẹ̀ kí ó má baà tú. Bí òwú dídán bá wà nínú rẹ̀, a ó fi aṣọ mìíràn lé e lórí kí áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná jù tó kàn án, nítorí pé iná a máa pa dídán náà.

Akọ́ṣẹ́ tí ó wà ní Borno ní àwòkọ́ṣe mìíràn nítòsí. Fìlà tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ sí Zanna Bukar, tí a fi orúkọ olóṣèlú nì, Zanna Bukar Dipcharima, pè, abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni a fi ń ṣe ọnà sí i lára, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí ẹyọ kan tó parí. Ẹwà fìlà Borno wà nínú ọnà abẹ́rẹ́. Ẹwà gọ̀bì wà nínú aṣọ híhun àti bí a ti tẹ̀ ẹ́. Sùúrù kan náà ni ó bí àwọn méjèèjì.

ỌMỌ IṢẸ́ ÀTI ONÍBÀÁRÀ

Ìmọ̀ràn orí ìwé kò lè rọ́pò ọ̀gá. Bí aránfìlà kò bá sí ní ìlú, télọ̀ tí ó mọ́wọ́ lè kọ́ni ní gígé àti rírán. Kí àwọn òbí bá ọ̀gá ṣe àdéhùn tí ó yanjú kí ọmọ tó wọlé: ọdún tí yóò lò, owó tí wọn yóò san, àti ohun tí fúrídọ́ọ̀mù yóò ná wọn. Ìjà tí ó máa ń wà láàárín ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ ní ọjọ́ ìparí, ọ̀rọ̀ tí a kò sọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ó ń fà á.

Ewu kan sì wà tí ó ń dúró de ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú lè wá gbé fìlà ogójì fún un láti rán fún ọjọ́ àjọ̀dún. Ojú rẹ̀ á wọ owó, kò sì ní ka ọjọ́. Bí fìlà kan bá ń gbà á ní wákàtí 3, ogójì fìlà jẹ́ wákàtí 120. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 8 lójúmọ́, ọjọ́ 15 gbáko nìyẹn, láìka àìsàn àti àìsí iná mọ̀nàmọ́ná. Kí ó mọ iye wákàtí rẹ̀ kí ó tó la ẹnu dá ọjọ́. Kí ó gba owó aṣọ ṣíwájú, kí ó sì kọ orúkọ àti ìwọ̀n orí ẹnì kọ̀ọ̀kan sínú ìwé. Ọjọ́ àríyá kì í yẹ̀ nítorí aránfìlà.

Ìwé ìwọ̀n yẹn gan-an ni ọrọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó wà ní Ìṣẹ́yìn lè ní aṣọ tí ó dára jù, ó sì lè ní ọwọ́ tí ó yá jù, ṣùgbọ́n kò ní orí àwọn ará Kaduna níwájú rẹ̀. Aránfìlà tí ó wà láàárín wọn ni ó lè ní kí bàbá ọkọ ìyàwó jókòó, kí ó yí téépù ká orí rẹ̀, kí ó sì pè é padà ní ọjọ́ kẹta wá dán an wò. Ọmọ tí a bí sí ìdálẹ̀, tí kò mọ fìlà ju ohun tí ó ń ti inú àpò bọ̀ láti ilé lọ, yóò dúró ti ìdí ẹ̀rọ, yóò sì rí i bí a ti ń ṣe é. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: láti orí bébà dé orí kákí, láti orí kákí dé orí aṣọ òkè, títí ẹni tí ó ní orí yóò fi ní fìlà.