BÍ GÁRÁŃTÌ BÁ TÁN, ṢÉ Ẹ̀TỌ́ ÒǸRAJÀ TÁN?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ṣùgbọ́n àfi bí ẹni pé wọn kò ro ti fíríísà mọ́ ọn. Ènìyàn lè máa nù ún láràárọ̀, síbẹ̀ kí ó dédé dákẹ́ lọ́jọ́ kan.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá kan tí ń ta omi tútù ṣe àpẹẹrẹ. Ó kó èsúsú, ó fi ra fíríísà tuntun tí ó ní gáráńtì oṣù 12. Ní oṣù kẹrìnlá, omi kò tutù mọ́. Ó padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Òǹtajà wo ìwé, ó ní, ‘Ìyá, gáráńtì yín ti tán.’ Ìyá bá yí padà, ó gba ilé lọ. Ǹjẹ́ ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀?

Kò yẹ bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun méjì ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń kà sí ọ̀kan. Èkíní ni gáráńtì. Ìlérí lásán ni èyí. Ẹni tí ó ṣe ọjà tàbí ẹni tí ó tà á ni ó ṣe é, òun náà ni ó dá ọjọ́ fún un. Èkejì ni ẹ̀tọ́ tí òfin fún òǹrajà. Ọwọ́ òǹtajà kọ́ ni èyí ti wá, kò sì lè gbà á padà.

Òfin ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà lórí ìdíje òwò àti ààbò òǹrajà ti ọdún 2018, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní ọdún 2019, ni a ń sọ. Abala 131 rẹ̀ ní kí ọjà wúlò fún iṣẹ́ tí a ń fi irú rẹ̀ ṣe, kí ó má lábùkù, kí ó sì lálòpẹ́ fún ìwọ̀n àkókò tí ó bọ́gbọ́n mu. Abala náà kò dárúkọ oṣù 12. Ta ni yóò ra fíríísà tuntun nítorí oṣù 14 péré? Àkọlé ‘Ọjà tí a bá tà, a kì í gbà á padà’ tí àwọn kan ń tẹ̀ sára rìsíìtì kò lè pa ẹ̀tọ́ yìí rẹ́.

Ṣùgbọ́n kí a má gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá. Bí iná tí ó ga jù ni ó jó ẹ̀rọ, tàbí bí ẹni tí kò mọṣẹ́ bá ti tú u, a kò lè dá òǹtajà lẹ́bi. Ní ti ọjà tòkunbọ̀, òǹtajà gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kedere pé àlòkù ni. A kò sì lè retí pé yóò tọ́jọ́ bí tuntun.

Kí wá ni kí ìyá olómi tútù ṣe? Kí ó tọ́jú rìsíìtì àti ìwé gáráńtì. Kí ó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú ẹ̀rọ náà kí òǹtajà tó rí i. Lẹ́yìn náà, kí ọ̀gá kan tí ó mọṣẹ́ kọ ohun tí ó bàjẹ́ sílẹ̀. Kí ó kọ lẹ́tà sí òǹtajà, kí ó sọ ọjọ́ tí ó rà á, ọjọ́ tí ó dákẹ́, àti ohun tí ó ń fẹ́, yálà àtúnṣe, pààrọ̀, tàbí owó rẹ̀. Kí ó tọ́jú ẹ̀dà kan. Bí òǹtajà bá kọ etí ikún, kí ó gbé ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ àjọ FCCPC tí òfin náà dá sílẹ̀, tàbí sí ilé ẹjọ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ibi tí ọ̀rọ̀ kàn wá nìyí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ òfin yìí, òun náà ni wọ́n fi kọ ìwé gáráńtì. Bí àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá kò bá túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn ìyá wa, ta ni yóò ṣe é? Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Rìsíìtì ni ojú òǹrajà. Ẹ sọ fún wọn nílé kí wọ́n má sọ ọ́ nù.