Olùkọ́ Àwọn Ọmọdé Nínú Ìjọ: Iṣẹ́ Ńlá Tí À Ń Fojú Kékeré Wò

Ní ọ̀pọ̀ ìjọ nílẹ̀ Yorùbá, kí oníwàásù tó dìde ni wọ́n ti máa ń ní kí àwọn ọmọdé jáde. Wọ́n á tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lọ sí yàrá ẹ̀yìn, tàbí abẹ́ igi máńgòrò, tàbí abẹ́ àtíbàbà. Kò ní pẹ́ tí àwọn àgbà tó wà nínú ilé á fi máa gbọ́ àtẹ́wọ́ àti ìró ẹsẹ̀, pẹ̀lú ohùn àgbàlagbà kan tó ń dá orin, tí àwọn ohùn wẹ́wẹ́ ń gbè é. Àǹtí Sọ́ńdè Sùkúù ni àwọn ọmọ ń pe ẹni tó ni ohùn náà. Nínú ìwé ìjọ, olùkọ́ ẹ̀ka àwọn ọmọdé ni.

Kò sí owó oṣù nídìí iṣẹ́ yìí. Àwọn kan jẹ́ tíṣà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, àwọn mìíràn jẹ́ aránṣọ tàbí akẹ́kọ̀ọ́, obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Bí ìjọ bá ń wá ẹni tí wọn yóò fi síbẹ̀, ẹni tí ara rẹ̀ bá ti yá tó sì lè kọrin ni wọ́n máa ń nawọ́ sí, àfi bí ẹni pé torí kí àwọn ọmọ má bàa dí ìwàásù lọ́wọ́ ni iṣẹ́ náà ṣe wà. Èrò yẹn kò tọ́ rárá. Ohun tí ọmọ ọdún mẹ́rin bá fi ẹnu kọ, tó sì fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣe, ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ nípa Ọlọ́run. Ọmọ náà lè gbàgbé ẹni tó kọ́ ọ, lè ṣí kúrò nínú ìjọ náà, síbẹ̀ orin yẹn yóò wà lẹ́nu rẹ̀ títí dọjọ́ ogbó. Bí orin náà bá ṣi Ọlọ́run júwe fún un, iṣẹ́ ń bẹ fún ẹni tí yóò tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀la.

Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi tí Robert Raikes, ẹni tó ń tẹ ìwé ìròyìn ní Gloucester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ ní 1780 kò ní ijó nínú. Àwọn ọmọ tálákà tó ń fi ọjọ́ mẹ́fà ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń kó jọ níbẹ̀, kí wọ́n lè mọ ìwé kà, kí wọ́n sì mọ kátíkísìmù. Ó di 1867 kí Josiah Spiers tó bẹ̀rẹ̀ ìpàdé tirẹ̀ ní Islington ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tó ti ń bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ bí a ṣe ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀, tó sì ń fi orin kúkúrú kún un. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní etíkun Llandudno ní Wales, ó kọ ọ̀rọ̀ nípa ìfẹ́ Ọlọ́run gàdàgbà sórí iyanrìn, ó sì ní kí àwọn ọmọ tó ń ṣeré níbẹ̀ wá fi ohun tí wọ́n bá rí ṣà ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Láti inú iṣẹ́ rẹ̀ ni Scripture Union ti jáde, ẹgbẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ sí SU ní ilé-ìwé girama.

Nílẹ̀ Yorùbá ńkọ́? Láti ìgbà tí àwọn míṣọ́nnárì ti gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1842 ni wọ́n ti fojú sí ọmọdé. Nígbà tí David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ dé Ìbàdàn ní 1853, ilé wọn ní Kúdẹtì di ilé ọmọ. Yéjídé àti Akínyẹlé, àwọn ọmọ Olóyè Olúnlóyọ̀ọ́, wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fà lé wọn lọ́wọ́. Ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà etíkun dí, oúnjẹ di ọ̀wọ́n fún tọkọtaya náà, síbẹ̀ wọn kò tú àwọn ọmọ ká.

Ìṣòro kan wà nínú orin tí àwọn míṣọ́nnárì gbé wá. Wọ́n tú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sí Yorùbá, wọ́n sì fi ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe gbé e wá láti òkè òkun. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ relẹ̀, orin á gbé e sókè. Ibi tó yẹ kó ròkè, orin á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àgbà tó mọ ìwé lè wo inú ìwé orin kó sì rí ohun tí wọ́n ní lọ́kàn. Ọmọdé kò ní ìwé lọ́wọ́. Etí rẹ̀ nìkan ló ní, ohun tí etí rẹ̀ bá sì gbọ́ ni yóò kọ.

Bẹ́ẹ̀, ọmọ Yorùbá kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ òfo. Ó ti mọ àlọ́ tó ní orin nínú, tí apàlọ́ ń dá tí àwọn yòókù ń gbè. Ó ti ṣe bojúbojú àti ẹkùn mẹ́ran lábẹ́ òṣùpá, níbi tí orin ti ń sọ ìgbà tí ẹsẹ̀ yóò sáré àti ìgbà tí yóò dúró. Gbogbo ohun tí olùkọ́ nílò ti wà nílé kó tó dé. Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta mọ èyí: ó ń ṣe orin ìyìn ní ohùn tí àwọn èèyàn rẹ̀ mọ̀, ó sì lọ gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú rẹ̀ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Thomas Ekúndayọ̀ Phillips, tó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Kírísítì ní Èkó láti 1914 títí di 1962, kọ ìwé lórí orin Yorùbá ní 1953, ó sì ń ṣe orin tí ohùn rẹ̀ ń tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Ní ti àwọn aládùúrà, láti ìgbà tí Kérúbù àti Séráfù ti bẹ̀rẹ̀ ní 1925 ni àtẹ́wọ́, ìlù àti ijó ti wọ ilé ìsìn, tí ọmọ ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀kọ́ kan bí olùkọ́ tó mọṣẹ́ ṣe ń kọ́ ọ: ìjì ojú òkun Gálílì tó wà nínú Máàkù orí kẹrin. Ó to bẹ́ǹṣì méjì bí ọkọ̀ ojú omi. Ó mú ọmọ kan tí ojú máa ń tì, tí kì í fẹ́ jáde jó, ó ní kó sùn sí ìdí ọkọ̀, orí rẹ̀ lórí ìrọ̀rí. Òun ni Jésù. Ó dá orin, ó rọra bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó wà lápá ọ̀tún ń fi orí ìka lu bẹ́ǹṣì, òjò ti ń kán nìyẹn. Àwọn ti apá òsì ń fẹnu ṣe atẹ́gùn. Orin ń yára sí i, ìka di àtẹ́lẹwọ́, ẹsẹ̀ ń lu ilẹ̀, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ń fì síwá fì sẹ́yìn. Nígbà tí ariwo bá kún yàrá, wọ́n á jí ọmọ tó ń sùn. Á dìde, á na ọwọ́ rẹ̀ síta, gbogbo wọn á sì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Olùkọ́ náà kì í tètè sọ̀rọ̀ níbi yìí. Ó ń jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ náà pẹ́ díẹ̀ kó tó béèrè pé, “Ta ni ẹ̀rù bà nínú ọkọ̀?” Ọwọ́ á ròkè. “Kí ni Jésù ṣe fún ẹni tí ẹ̀rù bà?” Ìdáhùn wọn ni ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà. Orin yẹn kò wà fún dídùn lásán, ìṣesí kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ tó ń jẹ́. Kò sì sí ọmọ tí kò rí nǹkan ṣe, títí kan èyí tí kò mọ ijó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn mí gan-an ni oríṣi orin kan tó ti ń wọ kíláàsì àwọn ọmọdé báyìí. Láti ibi ìṣọ́ òru àwọn àgbà ni wọ́n ti ń gbé e wá: ọmọ ọdún márùn-ún á máa fẹsẹ̀ tẹ ọ̀tá mọ́lẹ̀, á máa fọwọ́ gé e lọ́rùn. Ọ̀tá wo ni ọmọ ọdún márùn-ún ní? Nígbà tó bá délé, yóò wo ìyá àgbà tàbí ìyàwó bàbá rẹ̀ lójú, yóò máa rò ó bóyá òun ni ọ̀tá náà. Ìfura la fi orin yẹn kọ́ ọ, a kò tí ì kọ́ ọ ní ìgbàgbọ́. Ó sì yẹ ká tún wo ìkórè àwọn ọmọdé. Ijó àti ríkítéṣọ̀n ọjọ́ náà dára, inú òbí ń dùn, ṣùgbọ́n bí a bá fi oṣù méjì gbáko kọ́ wọn ní ijó tí àwọn èèyàn yóò náwó fún, tí àwọn tó mọ ijó nìkan ló sì ń wà níwájú, kíláàsì ti di ẹgbẹ́ eléré.

Mósè pàápàá, nígbà tí ọjọ́ ikú rẹ̀ sún mọ́, orin ni Ọlọ́run ní kó kọ kó sì fi sí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì lẹ́nu, kí orin náà lè jẹ́ ẹlẹ́rìí bí wọ́n bá gbàgbé. Ó wà nínú Diutarónómì orí 31. Ní Èkó àti Ìbàdàn lónìí, ọ̀pọ̀ kíláàsì kò kọ orin Yorùbá kankan mọ́. Ọ̀rọ̀ náà tún wá le sí i fún àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń tọ́ ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, nítorí fún òmíràn nínú wọn, orin tí wọ́n kọ́ ní ìjọ ni Yorùbá tó lè sọ délẹ̀ láìkọsẹ̀.

Ohun tí àwọn olùkọ́ yìí nílò kò pọ̀. Kí wọ́n jẹ́ méjì nínú kíláàsì kọ̀ọ̀kan nígbà gbogbo, fún ààbò àwọn ọmọ àti tiwọn. Kí wọ́n máa pàdé láàárín ọ̀sẹ̀, kí wọ́n kọ orin náà kí wọ́n sì fi ara wọn ṣe é, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Kí wọ́n máa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, nítorí ẹni tó bá ń kọ́ ọmọdé ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi kì í gbọ́ ìwàásù kankan, òun náà sì ní ọkàn tó ń fẹ́ oúnjẹ. Ìjọ tó ra gìtá àti gbohùngbohùn fún akọrin àgbà lè ra ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ méjì àti àkúbà kan fún yàrá ẹ̀yìn.