Adìẹ Mélòó Ni Ká Mú Wọ Ọyẹ́?

Nígbà tí ọyẹ́ bá kù sí dẹ̀dẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, ọ̀kan nínú ìlú mẹ́tàlá tó para pọ̀ di Ṣágámù ní 1872, ó yẹ kí olùsìn adìẹ ẹ̀yìnkùlé jókòó rò ó dáadáa, mélòó ni òun óò dá sí, mélòó ni òun óò tà. Ọ̀pọ̀ kì í rò ó, títí lúkúlúkú, àrùn tó máa ń jà ràn-ìn lásìkò ọyẹ́, yóò fi wọlé, tí yóò sì gbá agbo mọ́ kí ọ̀sẹ̀ tó yípo. Kò ní oògùn. Àjẹsára tí wọ́n ń ṣe ní Vom lẹ́bàá Jos ni ààbò, adìẹ tí ara rẹ̀ le ni a sì ń fún, kí ọyẹ́ tó dé.

Oúnjẹ ńkọ́? Adìẹ ń jẹkà, ó ń mumi, ó ń gbé òkúta wẹ́wẹ́ mì, síbẹ̀ ó ní òun ò léyín. Adìẹ àgíríìkì tó ń yé a máa jẹ tó 120 gíráàmù lójúmọ́, nítorí náà mẹ́wàá yóò jẹ ju àpò oníkílò 25 mẹ́rin lọ láàárín 90 ọjọ́. Kòkòrò àti ewé tútù tí adìẹ ìbílẹ̀ ń ṣà jẹ sì ti dínkù nígbà náà.

Lójú tèmi, àkùkọ ni ká kọ́kọ́ tà, nítorí ẹyọ kan tó fún abo mẹ́wàá, Kérésìmesì sì ni owó wọn ń gòkè.