Bí Ẹgbẹ́ Òṣèré Méjì Ṣe Ń Di Ọ̀kan

Bí ẹ bá ń lu ìlù, tí ẹ ń kọrin, tàbí tí ẹ ń ṣeré tíátà ní Èjìgbò, Màsífà tàbí Ifẹ̀-Òdàn, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti wà nínú ẹgbẹ́ kan, tàbí kí wọ́n ti ní kí ẹ wá gba káàdì. Mo fẹ́ kí a jọ wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí irú ẹgbẹ́ méjì bẹ́ẹ̀ bá di ọ̀kan, pàápàá lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ya fọ́tò ìṣọ̀kan tán, torí ìgbà yẹn gan-an niṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀.

Kí ni ẹgbẹ́ òṣèré wà fún? Òṣèré kan ṣoṣo kò lágbára níwájú ẹni tó ni owó fíìmù tàbí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Bó bá ní owó náà kéré, wọ́n á pe ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n bí gbogbo òṣèré bá fohùn ṣọ̀kan pé iye báyìí ni owó iṣẹ́ òòjọ́, agbéṣẹ́fúnni á gbọ́. Ẹgbẹ́ ló ń bá wọn dúnàádúrà, òun náà ló sì yẹ kó dúró ti ẹni tó bá ṣàìsàn tàbí tó bá darúgbó.

Àwa náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ nǹkan yìí. Ní 1971, àwọn ọ̀gá eré alárìnjò kóra jọ, wọ́n sì fi Hubert Ogunde ṣe ààrẹ. Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ òṣèré tíátà tí wọ́n ń pè ní ANTP dé, Ogunde náà sì darí rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn kan jáde nínú ANTP, wọ́n dá ẹgbẹ́ tiwọn, TAMPAN, sílẹ̀. Pípín ti wá mọ́ wa lára ju dídàpọ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká wo Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn òṣèré ti dàpọ̀ tí gbogbo ayé sì rí ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ wá.

Ẹgbẹ́ méjì ló wà níbẹ̀. Screen Actors Guild (SAG), tí mo máa pè ní Ẹgbẹ́ Fíìmù, bẹ̀rẹ̀ ní 1933. AFTRA, tó ti fìdí múlẹ̀ láti 1937, ni ti àwọn òṣèré, akọrin àti oníròyìn orí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Òun ni màá pè ní Ẹgbẹ́ Rédíò. Bí iṣẹ́ ṣe ń pọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, ọ̀pọ̀ òṣèré ń san owó ẹgbẹ́ lọ́nà méjì. Èyí tó burú jù ni pé bí Ẹgbẹ́ Fíìmù bá takú, àwọn iléeṣẹ́ á yà sọ́dọ̀ Ẹgbẹ́ Rédíò lọ ṣàdéhùn.

Wọ́n dìbò lórí dídàpọ̀ ní 2003. Nínú Ẹgbẹ́ Fíìmù, 60 nínú ọgọ́rùn-ún ló gbọ́dọ̀ gbà kó tó di òótọ́. Àwọn tó gbà kò ju bíi 58 lọ, ọ̀rọ̀ náà sì wọmi. Ó dun àwọn tó fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n mo fara mọ́ òfin yẹn, nítorí ẹgbẹ́ tí ìdajì ọmọ rẹ̀ wọ̀ tìkanratìkanra kì í pẹ́ tú. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta 2012, ìbò tuntun dé: 82 nínú ọgọ́rùn-ún ló gbà nínú Ẹgbẹ́ Fíìmù, 86 nínú Ẹgbẹ́ Rédíò. Bí wọ́n ṣe di SAG-AFTRA nìyẹn, tí màá pè ní Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan.

Ta ló wá jẹ́ olórí? Ken Howard àti Roberta Reardon, ààrẹ ẹgbẹ́ méjèèjì, jọ jókòó sórí àga títí di ìdìbò 2013, tí Howard fi di ààrẹ kan ṣoṣo.

Owó ló ṣòro. Ẹ fojú inú wo àjọ méjì nínú ọjà. Nínú ọ̀kan, ẹgbẹ̀rún náírà ni wọ́n ń dá lọ́sẹ̀. Nínú èkejì, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Àwọn kan ti kó tiwọn, àwọn kan ṣì ń retí. Bí ẹ bá kàn da ìwé méjèèjì pọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹnì kan á kó ohun tí kò dá, ẹnì kan á sì dá ohun tí kò ní kó.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni owó ìtọ́jú àìsàn àti owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣèré rí. Ẹgbẹ́ ti di ọ̀kan ní 2012, ṣùgbọ́n ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2017 ni àpò owó ìtọ́jú àìsàn tó di ọ̀kan. Ti ìfẹ̀yìntì kò tiẹ̀ dàpọ̀; ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àpò méjèèjì wà.

Àpò tó dàpọ̀ náà mú omijé wá. Ní 2020, àwọn tó ń bójú tó o sọ pé owó ń tán lọ. Ní 2021, òṣèré ní láti pa 25,950 dọ́là lọ́dún kó tó lè wọ ètò ìtọ́jú náà. Fún àgbàlagbà tó ti lé ní 65 tó sì ti ń gba owó ìfẹ̀yìntì, wọn ò ka owó tó ń wọlé fún un nígbà tí wọ́n bá tún fi fíìmù rẹ̀ àtijọ́ hàn mọ́. Ọ̀pọ̀ àgbà bọ́ síta lójú àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà. Ed Asner, tó ti fìgbà kan jẹ́ ààrẹ Ẹgbẹ́ Fíìmù fúnra rẹ̀, wà lára àwọn tó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́ ní oṣù kejìlá 2020. Àwọn tó fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn dá owó yẹn ni ìyà náà jẹ, mi ò sì rò pé ó tọ́ kí àgbà máa wá ààbò lọ́wọ́ ilé ẹjọ́ lórí ohun tó dá.

Ìbò ni wọ́n fi dàpọ̀ ní Amẹ́ríkà; ní Nàìjíríà, ìjọba ló da ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ pọ̀ ní 1978: wọ́n kó àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tó pọ̀ rẹpẹtẹ sínú 42, Hassan Sunmonu sì di ààrẹ àkọ́kọ́ NLC, àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Nàìjíríà. Òfin wa sì sọ pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ọmọ ẹgbẹ́ 50, ó kéré tán, kó tó lè forúkọ sílẹ̀. Bí àwọn onílù ìlú kan ṣoṣo kò bá tó bẹ́ẹ̀, wọ́n lè di ẹ̀ka lábẹ́ ẹgbẹ́ ńlá.

Ẹ̀ka ni ọ̀rọ̀ yìí ti máa kan ẹ̀yin gan-an. Ìlú tó ní ẹ̀ka méjì á ní láti di ẹ̀ka kan, pẹ̀lú alága kan àti ìwé orúkọ kan. Bí wọ́n bá pè yín sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ní Èjìgbò, ẹ béèrè ibi tí ìwé orúkọ máa wà, bóyá níbí tàbí ní Òṣogbo. Ẹ béèrè bóyá ọdún tí ẹ ti lò nínú ẹgbẹ́ àtijọ́ ṣì máa kà, àti ẹni tó lè fọwọ́ sí i kí owó tó jáde nígbà tí onílù kan bá wà nílé ìwòsàn. Kí wọ́n kọ ìdáhùn sílẹ̀, kí ẹ mú ẹ̀dà kan lọ sílé, kí ìdìbò tó bẹ̀rẹ̀.