Ta Ló Jẹ Èènì Wa? Ìdí Tí Ìrẹsì Inú Bùútù Fi Ń Wọ́n Sí I

Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu gbogbo wa lásìkò ìsinmi ọ̀sán ni mo fẹ́ sọ: oúnjẹ ẹnu géètì. Ìrẹsì tá à ń rà nínú bùútù mọ́tò ni o, indomie ni o, ẹ̀wà àti búrẹ́dì ni o, kò sí èyí tí owó rẹ̀ ò lọ sókè. Èyí tí owó rẹ̀ bá dúró lójú kan, ẹ wò ó dáadáa, ṣíbí ti kéré. Èènì tí wọ́n máa ń bù lé e tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ó ti di ìtàn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn kan ní SS2 dá a lábàá pé kí ẹnikẹ́ni má ra oúnjẹ lọ́wọ́ wọn fún ọjọ́ márùn-ún. Wọ́n ní olè ni wọ́n, pé tí ọjà bá kú mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n á já owó wálẹ̀ fúnra wọn. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Àmọ́ ká tó ṣe bẹ́ẹ̀, mo fẹ́ ká jọ tú abọ́ ìrẹsì kan palẹ̀, ká wo ohun tó wà nínú ẹ̀.

Kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́: ìyá mi náà ń ta oúnjẹ nínú bùútù. Kì í ṣe ẹnu géètì tiwa, àdúgbò mìíràn ni wọ́n ń páàkì sí. Èmi ni mo máa ń bá wọn ṣírò owó lálẹ́. Ẹ lè sọ pé ẹ̀yìn ìyá mi ni mo wà. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ìṣirò náà kalẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ lè mú bírò, kó yẹ̀ ẹ́ wò.

ABỌ́ KAN, ẸGBẸ̀RÚN KAN NÁÍRÀ

Àpẹẹrẹ ni àwọn iye tí mo fẹ́ kọ yìí. Kì í ṣe owó olóúnjẹ kan pàtó, iye wọn sì máa ń yàtọ̀ láti ọjà dé ọjà. Ká ní obìnrin kan se ìkòkò ìrẹsì kan tó tó abọ́ 40, ó sì ń ta abọ́ kọ̀ọ̀kan ní ₦1,000. Ẹran ò sí níbẹ̀ o, ẹran lọ́tọ̀. Tó bá tà á tán, ₦40,000 ló máa pa. Ohun tó ná nìyí:

Ìrẹsì: ₦14,000
Ata, tòmátì àti àlùbọ́sà: ₦6,000
Òróró, iyọ̀ àti èròjà: ₦4,000
Gáàsì: ₦4,000
Epo bẹntiróòlù mọ́tò, àlọ àti àbọ̀: ₦3,500
Náílọ́ọ̀nù àti ike ìgbéoúnjẹ: ₦1,500
Owó ibi tó ń páàkì sí: ₦500
Owó ọmọ tó ń bá a fọ abọ́, tó ń bá a bu oúnjẹ: ₦2,500

Gbogbo ẹ̀ jẹ́ ₦36,000. Ohun tó kù sọ́wọ́ obìnrin náà ni ₦4,000. Pín in sí ogójì: ₦100 ni èrè orí abọ́ kan. Látinú ₦100 yìí ló ti máa san owó ilé ìwé ọmọ ẹ̀, tún táyà mọ́tò ṣe, kó sì fara da ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ tí ìrẹsì ò tà tán.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ pé gbogbo ohun tó ń rà fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè. Ìdá mẹ́wàá péré. ₦36,000 á di ₦39,600. Tí kò bá fi kọ́bọ̀ kan lé owó oúnjẹ, èrè ẹ̀ lórí odidi ìkòkò á di ₦400, ìyẹn náírà mẹ́wàá lórí abọ́ kan. Ta ló máa jí láago mẹ́rin ìdájí nítorí náírà mẹ́wàá?

Ohun mẹ́ta ló kù tó lè ṣe. Ó lè fi owó lé abọ́. Ó lè dín ṣíbí kù. Ó lè yọ ohun kan kúrò, bíi dòdò tó máa ń jù sí i tàbí èènì. Èyí tá a bá rí nínú mẹ́ta yìí, ìṣirò kan náà ló bí wọn.

NÍBO NI Ọ̀WỌ́N GÓGÓ YÌÍ TI WÁ?

Àkọ́kọ́ ni epo mọ́tò. Ní ọjọ́ 29, Oṣù Karùn-ún 2023, ọjọ́ tí wọ́n búra fún Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú, ó kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti tán. Ṣáájú ọjọ́ náà, lítà kan ò tó ₦200 ní ọ̀pọ̀ ilé epo. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó ti kọjá ₦480. Nígbà tó fi di Oṣù Kẹwàá 2024, ó ti wà ní nǹkan bí ₦1,000. Ẹni tó ń ta oúnjẹ nínú mọ́tò, ẹ̀ẹ̀mejì ni epo ń kàn án: ó kàn án nínú mọ́tò tiẹ̀, ó tún kàn án nínú owó ọkọ̀ àwọn tó gbé ọjà wá sọ́dọ̀ ẹ̀.

Ìkejì ni dọ́là. Ní Oṣù Kẹfà 2023, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà yọwọ́ kúrò nínú bí wọ́n ṣe ń di owó náírà mú sójú kan. Ṣáájú ìgbà náà, dọ́là kan ò tó ₦500 lójú ìwé ìjọba. Ní 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Ẹ lè bi mí pé, kí ló kan ìyá onírẹsì pẹ̀lú dọ́là? Ó kàn án dáadáa. Apá kan nínú gáàsì ìdáná tá à ń lò, òkè òkun ló ti ń wá. Àlìkámà tí wọ́n fi ń ṣe fùláwà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ló ń kó gbogbo ẹ̀ wá fún wa. Tí dọ́là bá gòkè, fùláwà á gòkè, búrẹ́dì, indomie àti pọ̀ọ̀fù-pọ̀ọ̀fù á sì tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí oníbúrẹ́dì àti onírẹsì fi jọ ń ké, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjà wọn ò jọra.

Ìkẹta ni ojú ọjọ́ àti ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ tòmátì tí à ń jẹ níhìn-ín, Kano, Kaduna, Katsina àti Jigawa ló ti ń wá. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń pọ̀ lọ́hùn-ún. Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, tí irè ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn sì ti tán, ó máa ń wọ́n. Apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń kó o sí, ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lo dísù ló ń gbé e, àwọn tó wà nísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ á sì ti di omi kí wọ́n tó dé Mile 12. Owó èyí tó bàjẹ́ ni wọ́n máa ń kó lé èyí tó dára lórí. Kòkòrò kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta. Ní Oṣù Karùn-ún 2016, ó ba oko tòmátì jẹ́ ní Kaduna débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ náà kéde ọ̀rọ̀ náà bíi ìṣòro pàjáwìrì. Ó tún padà wá ní 2024.

Kó gbogbo ẹ̀ jọ, kí lo rí? Àjọ NBS tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba sọ pé ní Oṣù Kẹfà 2024, owó oúnjẹ fi ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti Oṣù Kẹfà 2023 lọ. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé oúnjẹ tí ìyá rẹ fi ₦1,000 rà lọ́dún kan ṣáájú, ó ti ń lọ sí nǹkan bí ₦1,409. Ẹni tó bá sì ń gba iye owó kan náà lọ́dún méjèèjì, kò sọnù, wọn ò jà á lólè, àmọ́ owó ẹ̀ ti dín kù.

KÍ LÓ DÉ TÓ FI OWÓ LÉ ỌJÀ ÀTIJỌ́?

Ẹ̀sùn tó ń bí àwọn èèyàn nínú jù nìyí: «Àpò ìrẹsì tó rà lóṣù tó kọjá ló ṣì ń sè, kí ló dé tó fi owó lé e lónìí?» Ìyá mi dá mi lóhùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan: ojú owó. Ká ní ó ra àpò kan ní ₦60,000. Kó tó sè é tán, àpò yẹn ti di ₦70,000 lọ́jà. Tó bá ń tà á bíi ẹni pé ₦60,000 ló ṣì jẹ́, ọjọ́ tí àpò bá tán, owó tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ ò ní í ra àpò mìíràn. Á ra àbọ̀ àpò, á wá ra kọ́ńgò, títí á fi kógbá wọlé. Ohun tí wọ́n ń pè ní jíjẹ ojú owó nìyẹn. Kì í ṣe ọjà tó wà nílẹ̀ ló ń ṣírò, ọjà tó máa rà lọ́la ni.

Ìbéèrè kejì wá tẹ̀ lé e: ìrẹsì tútù wálẹ̀ díẹ̀ ní 2025 ní ọ̀pọ̀ ọjà, kí ló dé tí abọ́ ò wálẹ̀? Ẹ padà sí ìṣirò wa. Ìrẹsì jẹ́ ₦14,000 nínú ₦36,000. Tó bá já ₦2,000, tí gáàsì àti epo mọ́tò fi ₦1,500 gòkè, ₦500 ló kù lórí abọ́ 40. Kò tó náírà mẹ́tàlá lórí abọ́ kan. Ohun mìíràn tún ni pé tí ìjọba bá sọ pé ọ̀wọ́n gógó ti dín kù, kò túmọ̀ sí pé owó ọjà ti wálẹ̀. Ó dà bíi mọ́tò tó ń sáré tẹ́lẹ̀, tó wá dẹ ẹsẹ̀. Ó ṣì ń lọ síwájú, kò tíì yí padà.

ÀWỌN TÓ Ń RẸ́ WA JẸ ŃKỌ́?

Mi ò sọ pé gbogbo olóúnjẹ ló mọ́ bí ẹyin. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé tí wọ́n bá gbọ́ pé ẹlẹ́gbẹ́ wọn fi ₦200 lé e, àwọn náà á fi lé e láìṣírò. Àwọn kan á dín ṣíbí kù, wọ́n á sì tún fi owó lé e lọ́jọ́ kan náà. Ó yẹ ká béèrè lọ́wọ́ irú wọn. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò béèrè, ká má fi èébú béèrè. «Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, kí ló gòkè lọ́sẹ̀ yìí?» Ẹni tó bá ní ìdáhùn á sọ ọ́.

TÁ A BÁ KỌ̀ LÁTI RÀ

Àwọn ará SS2 fẹ́ kí abọ́ padà sí ₦800. Ẹ ṣe é: 40 lọ́nà ₦800 jẹ́ ₦32,000. Obìnrin inú àpẹẹrẹ wa ná ₦36,000. Á pàdánù ₦4,000 lójúmọ́. Kò ní í já owó wálẹ̀, ṣe ló máa wa mọ́tò ẹ̀ lọ síbòmíì. Ta ni ebi máa pa? Kì í ṣe àwa tí wọ́n ń di oúnjẹ fún láti ilé. Àwọn tó ń kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, tí oúnjẹ ẹnu géètì jẹ́ oúnjẹ àkọ́kọ́ tí wọ́n máa jẹ lójúmọ́, ni.

Wọ́n wà nínú kíláàsì wa. Tí aago bá ti lù, wọ́n á ní àwọn fẹ́ kàwé, tàbí àwọn ń gbààwẹ̀. Ààwẹ̀ wo ló ń wáyé ní gbogbo ọ̀sẹ̀? Ètò oúnjẹ ọ̀fẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2016, àwọn ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ìjọba, láti kíláàsì kìíní dé ìkẹta, ni wọ́n ṣe é fún. Àwa ti sẹ́kọ́ńdírì ò sí nínú ẹ̀. Tí abọ́ kan bá kọjá agbára ọmọ kan, kò sí ẹlòmíì tó ń bù fún un.

OHUN TÁ A LÈ ṢE

Ìkíní, ẹ jẹ́ ká máa mú abọ́ wá láti ilé. Náílọ́ọ̀nù àti ike jẹ́ ₦1,500 nínú ìkòkò àpẹẹrẹ wa. Ẹni tó bá mú abọ́ tiẹ̀ wá lẹ́tọ̀ọ́ láti bẹ̀bẹ̀ fún èènì.

Ìkejì, kí ẹni méjì máa dá owó ra abọ́ kan ńlá. Kí a sì bẹ àwọn olóúnjẹ kí wọ́n máa ta àbọ̀ abọ́, kí ẹni tó ní ₦500 má baà máa wo ẹnu ẹlòmíì.

Ìkẹta, àwọn olùkọ́ wa ni mo ń bẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe àwọn olóúnjẹ jókòó ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù, kí ẹ jọ fẹnu kò lórí iye owó àti ìwọ̀n ṣíbí. Tí ilé ìwé bá lè fún wọn láyè láti páàkì nínú ọgbà láìgba owó, ₦500 ojoojúmọ́ yẹn náà á kúrò lórí abọ́.

Ìkẹrin, tí o bá mọ ẹnìkan tí kì í jẹun lọ́sàn-án, má kígbe ẹ̀ sójú ọ̀nà. Sọ fún olùkọ́ kíláàsì yín ní bòókẹ́lẹ́.

Ẹgbẹ́ oníròyìn wa náà ti gba iṣẹ́ kan ṣe. Láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, a ó máa lẹ iye owó nǹkan márùn-ún mọ́ ògiri yìí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: kọ́ńgò ìrẹsì kan, apẹ̀rẹ̀ tòmátì kékeré kan, ìgò òróró kan, kílò gáàsì kan àti lítà epo mọ́tò kan. Àwa fúnra wa la máa lọ bi wọ́n lọ́jà. Tí abọ́ bá gòkè nígbà tí àwọn márùn-ún yìí ò kúrò lójú kan, gbogbo wa la jọ máa lọ bá olóúnjẹ. Tí wọ́n bá jọ gòkè pọ̀, ẹ ti mọ ẹni tó jẹ èènì wa.